Orin Mẹ́wàá fún Àwọn Ará Wa Lókè Òkun

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ọ̀yẹ́, bí mo ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ayétòrò-Èkìtì, ni tẹlifóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní London ni. Bí a ti kí ara wa tán ni ó kó ọ̀rọ̀ jáde.

Ó ní, "Tíṣà, àwa ará ilé tí a wà níhìn-ín fẹ́ kóra jọ kí á kọrin. Kì í ṣe pé a fẹ́ pe eléré o. Àwa fúnra wa ni a ó kọ ọ́, tàgbà tèwe, orin ilé nìkan. Bá wa yan mẹ́wàá tí gbogbo wa mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà? Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ ó ti rí i gbà."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Má kánjú. Kí irú ti èṣí má tún ṣẹlẹ̀ sí wa."

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ léṣìí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gùn, òun yóò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo pè ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, nítorí mo mọ̀ pé agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé kan láàárín Ìdó sí Ìjerò, tàbí láti Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí kò ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun. Lọ́jọ́ kan wọn yóò tẹ ẹ̀yin náà láago. Bí ẹ bá jẹ́ tíṣà, wọn yóò rò pé ẹ mọ orin. Bí ẹ bá jẹ́ ìyálọ́jà, wọn yóò rò pé gbogbo orin ìlú ni ẹ mọ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi ni mo bi í gbẹ̀yìn: àwọn wo gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá kọrin? Ó kà wọ́n fún mi. Àwọn àgbà wà tí wọ́n ti lọ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ní ìwé ni àwọn lọ kà tí àwọn yóò sì padà wálé, tí wọ́n wá di bàbá àgbà àti ìyá àgbà síbẹ̀. Àwọn kan lọ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì wà, àwọn tí ń tọ́jú arúgbó náà wà, tí púpọ̀ nínú wọn lọ lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn físà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2022, kí wọ́n tó tún ti ilẹ̀kùn náà ní 2025. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá bí ìyá wọn bá ń bínú, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Wọn kì í sì í ṣe ará Ayétòrò nìkan. Ọmọ Ìdó wà níbẹ̀, ọmọ Ùsì wà, ọmọ Ìjerò wà. Ọkọ obìnrin kan, ará Ìjẹ̀bú ni. Ìyàwó ọkùnrin kan, ará Ọ̀yọ́. "Gbogbo wa" tí ẹ̀gbọ́n mi wí, ẹ wá rí i bí ó ti gbòòrò tó!

Mo mú bírò, mo jókòó. Kí ìyá mi tó gbé ọbẹ̀ kaná, mo ti kọ orin mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo mú ìwé náà lọ bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo ń kà á sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ títí ó fi tó ogún, ó ní kí n dúró.

Ó ní, "Gbogbo èyí tí o kà yìí, orin tíṣà ni. Orin tiwa dà?"

Mo tún ìwé náà wò, mo rí i pé òtítọ́ ló sọ. Orin tí a ń kọ lórí ìlà láàárọ̀ ni, orin ìmọ́tótó, orin kíka oṣù, orin iṣẹ́, orin ìyá. Èmi kò kẹ́gàn wọn o. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ọmọ àgbẹ̀ Èkìtì àti ọmọ apẹja Ìlàjẹ bọ́ sí abẹ́ òrùlé irú ilé-ìwé kan náà, tí wọ́n sì ń ka irú ìwé kan náà. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ wà lọ́wọ́ wọn láti Ìkẹjà títí dé Ìkọ̀lé. Bí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì bá pàdé ní London lónìí tí wọ́n sì lè kọ orin kan pọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ wá ara wọn lẹ́nu wò, mo rò pé ilé-ìwé ni kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní orin ilé-ìwé kì í ṣe orin ìbílẹ̀, kí ó wá sọ fún mi iye ọdún tí orin yóò lò lẹ́nu ìyá àti ọmọ àti ọmọ ọmọ kí ó tó di ti ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í pẹ́ wọ orí, kì í sì í jìn lọ́kàn. Orin tí ìyá mi ń béèrè yàtọ̀. Orin òṣùpá ni, orin àlọ́, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, orin tí àwọn obìnrin ilé fi ń sin ìyàwó, orin tí wọ́n fi ń gún iyán ọdún. Èdè ibí ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pẹ̀lú. Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé kò ní ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó fi u bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ulé ni ilé, ùlú ni ìlú, uṣu ni iṣu. Bí ẹ bá gba u yẹn lẹ́nu orin wa kí ará Ọ̀yọ́ lè gbọ́ ọ, ẹ ti gba iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe wá yàn? Mo kó ìwé mi, mo lọ sí ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ń ṣe é, nítorí ó lè wúlò fún yín. Mo máa ń dúró níwájú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, bí ìyá tí ń wọn gàrí tàbí èyí tí ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Èmi yóò dá orin, bí mo bá sì dé ibi tí ègbè yẹ kí ó ti wọlé, èmi yóò pa ẹnu mi dé. Bí ìyá náà bá gbè é láìgbé ojú sókè, tí kò sì ṣi gàrí wọ̀n, orin yẹn wà láàyè. Mo fi àmì sí i. Bí ó bá ní, "Ẹ tún un dá," ó ti di ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Háà, mo mọ orin yẹn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa!" tí kò sì gbè é, mo fa ìlà sí i. Mo ti kọ́ ọ lọ́jà yẹn pé ẹni tó mọ orin kì í sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìyá aláta kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo dá orin àlọ́ ìjàpá kan, ó gbè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi gbè é kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Mo ní, "Ìyá mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o." Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ní ilé-ìwé ni. Ó yí sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n kọ́ ìjàpá níwèé, ó gbàgbé ilé." Gbogbo ìsọ̀ ata bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rin dá a lẹ́yìn mi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún lílé. Ègbè nìkan ni kò yàtọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti ń fi lílé yan orin láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń fi ewé yan iṣu. Ègbè ni ó yẹ kí n máa wò. Lílé jẹ́ ti ẹnìkan. Ó lè gbàgbé, ó lè fi kún un, ó lè fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i. Ègbè ni ti gbogbo ayé. Ẹni tí ó ti kúrò nílé láti ogójì ọdún lè ti sọ gbogbo lílé nù sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ègbè bá dé, ẹnu rẹ̀ yóò là fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá náà lè mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta dání.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ̀rọ̀ ọjà Ayétòrò nìkan, ẹ wo Kúbà. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, pàápàá nígbà ogun àwọn ọdún 1800 síwájú, ni wọ́n ń pè ní Lùkùmí. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá ní ilẹ̀ náà, ọdún kan náà tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ogun Kírìjì. Títí di òní olónìí wọ́n ń kọ orin Yorùbá níbẹ̀. Adárin tí wọ́n ń pè ní akpwón yóò dá a, gbogbo agbo yóò sì gbè é. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbè é kò lè fi Yorùbá béèrè omi mímu, síbẹ̀ ègbè náà kò já bọ́ lẹ́nu wọn láti ọmọ dé ọmọ ọmọ.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún, wọ́n a máa di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n a máa kọ Auld Lang Syne, orin tí Robert Burns, akéwì ilẹ̀ Scotland, kọ sílẹ̀ ní 1788. Ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa bí ẹ bá rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ẹsẹ kìíní, kíkùn ni púpọ̀ nínú wọn ń kùn bí oyin. Nígbà tí ègbè bá dé ni ohùn tún ròkè. Ẹnìkan kò sì sọ pé wọn kò mọ orin wọn.

Nígbà tí mo fi ègbè sẹ orin mi, mọ́kànlélógójì di mọ́kàndínlógún. Èyí tí ó kù ni ó nira láti gé, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ bóyá ó yẹ ni.

Mo yọ àwọn orin eléré kúrò, àwọn tí a mọ̀ láti inú àwo àti rédíò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ènìyàn ọgọ́ta kọ ọ́ láìsí gìtá àti gángan, ẹ ó rí i pé ìlù ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ orin. Mo yọ méjì tí a fi ń bú ìlú mìíràn. Nílé, eré ni; a ti jọ ń jẹ, a ti jọ ń mu, ìyá ẹnìkan ti ibẹ̀ wá. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ní London, tí ọmọ ìlú náà sì jókòó síwájú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó lè di ohun tí a kò rò. Mo yọ alámọ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, ó sì dun ìyá mi gan-an. Ṣùgbọ́n alámọ̀ ń fẹ́ ẹni tí a kọ́ láti kékeré tí yóò dá a, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Kí a má gbé e rárá sàn ju kí a gbé e ṣubú lọ.

Ti òrìṣà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn kan nínú wọn, bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ òrìṣà kan nínú orin, wọn yóò gbé àpò wọn. Mo ro ó títí. Orin ọdún ìbílẹ̀ tí a fi ń bọ nǹkan, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni í. Kì í ṣe orin eré. Ṣùgbọ́n orin ìbejì, èmi kò yọ ọ́. Ìyá ìbejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ sí mọ́sálásí, ó sì ń jó fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àpò nítorí ìbejì, kí ó máa gbé e.

Àwọn kan dá a lábàá pé kí á fi orin ìwé mímọ́ sí i, ní gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀ ọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀sìn. Àwọn míṣọ́nnárì ìgbàanì tú ọ̀rọ̀ orin òyìnbó sí Yorùbá, wọ́n sì fi í sórí ohùn òyìnbó. Ohùn òyìnbó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀: igbá di igba, igba di ìgbà. Àwọn baba wa kan rí àṣìṣe yìí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, ṣe orin Ọlọ́run tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Krístì ní Èkó láti 1914 di 1962, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹni tó ti gbọ́ orin àlọ́ mọ̀ láìkàwé pé ohùn rẹ̀ kì í bá ọ̀rọ̀ jà. Fún àwọn ọmọ tí a bí sí London, orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu ni ẹ̀kọ́ èdè. Èyí tí kò bá a mu yóò tún fi àṣìṣe kún àṣìṣe.

Nítorí àwọn ọmọ yẹn, mo lo ọgbọ́n tí gbogbo tíṣà mọ̀. Dò, re, mí ni mo fi kọ́ wọn. Mo fi ohùn ara mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo kọ́kọ́ ń kọ ègbè kọ̀ọ̀kan ní dò, re, mí láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kì í fẹ́ sọ Yorùbá lójú ẹnikẹ́ni, ń kọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ojú kékeré wo nǹkan tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ ọ̀rọ̀ orin sí ìwé pín káàkiri. Bí ènìyàn bá ti ń ka orin, orí yóò tẹ̀ wálẹ̀, ohùn yóò wọ inú àyà, kò sí ẹni tí yóò wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Adárin nìkan ni kí ó mú ìwé dání. Kí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ dá a, kí àwọn bàbá lè gbè é. Agogo kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tó. Bí ẹ bá gbé ìlù ńlá síbẹ̀, ijó ni wọn yóò jó, wọn kò ní í kọrin.

Kì í ṣe òní ni orin wa dé London, ẹ̀yin ará. Ransome-Kuti tí mo dárúkọ yẹn, ní 1922 ló ti kọ orin Yorùbá sínú àwo níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ogun Hitler parí ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún 1945, Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti gìtá wọn jáde sí Piccadilly láàárín èrò. Ní 1963 ni ìwé orin ìbílẹ̀ tí Dayọ̀ Dedeke kó jọ jáde láti ọ̀dọ̀ Oxford University Press. Má Gbàgbé Ilé ni ó pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn tó mi.

Báyìí ni mo ṣe yan mẹ́sàn-án tán. Méjì láti ilé-ìwé ni yóò ṣáájú, kí àlejò àti ará Ìjẹ̀bú lè wọlé. Orin òṣùpá kan tẹ̀lé e, àlọ́ ìjàpá méjì, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, orin ìbejì, orin oko kan tí àwọn ọkùnrin yóò dá, àti èyí tí àwọn obìnrin wa fi ń gún iyán, tòun ti ulé rẹ̀ àti uṣu rẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sọ ti èṣí fún mi wàyí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní orin kan wà tí ará Ọ̀yọ́ tó wà láàárín wọn dá léṣìí nígbà tí wọ́n ń ṣeré. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, orin tí a fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ ni. Gbogbo wọn gbè é. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, àwọn obìnrin ilé ni ó ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń sin ìyá àgbà lọ sí ilé ìkẹyìn. Ìyá Ìbejì kan wà níbẹ̀, ọmọ agbo ilé tí kò jìnnà sí tiwa. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ kú nílé. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde; bí ó bá jáde kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní í lè wọ ibẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, orí tẹlifóònù ni ó ti wo bí a ti sin ìyá rẹ̀. Èmi náà wà níbi ìsìnkú yẹn. Mo rántí ọmọkùnrin tó gbé tẹlifóònù náà sókè lẹ́bàá sàréè, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí wọ́n ti gbé orin yẹn, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, Tíṣà, a kò lè kọrin mìíràn mọ́. Olúkúlùkù gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sílé. Má fi orin yẹn sí i, jọ̀wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fi orin ìdúpẹ́ kan dí àyè kẹwàá, mo fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. Ohùn obìnrin ni. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Ìyá Ìbejì." Mo dọ̀bálẹ̀ sórí tẹlifóònù, mo kí i kú àfẹ́kù ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúpẹ́. Ó ní òun rí ìwé orin tí mo kọ, ó dára, ṣùgbọ́n orin kan kò sí níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó dá mi dúró.

Ó ní, "Mo mọ ìdí tí ẹ fi yọ ọ́. Wọ́n ń ṣàánú mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi, Tíṣà. Nígbà tí ẹ̀ ń sin ìyá mi, mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé ń dá a lórí fóònù, mo fẹ́ gbè é, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Arúgbó tí mò ń tọ́jú ń sùn. N kò lè la ẹnu. Gbogbo ọmọ ìyá mi ló gbe orin yẹn, èmi nìkan ni n kò gbè é. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì."

N kò mọ ohun tí mo lè wí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ta ni kí ó dá a?"

Ó ní, "Èmi ni."

Mo yọ orin ìdúpẹ́ náà. Mo fi tirẹ̀ sí àyè kẹsàn-án, mo sì gbé orin iyán sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè fi gbéra. Mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ara Ọ̀yọ́ náà pé kí ó má bínú, pé lọ́jọ́ yẹn ọ̀nà ti Èkìtì ni orin náà yóò gbà. Ó fèsì pé ọ̀ràn kò sí níbẹ̀, òun pàápàá yóò wà lára àwọn tí yóò gbè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tẹlifóònù rẹ̀ sórí àga níwájú, àwa náà gbé tiwa sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé ní ẹ̀yìnkùlé, èmi àti ìyá mi àti àwọn obìnrin ilé méje. A gbọ́ àwọn ọmọ nínú orin ìjàpá, ohùn wọn ga ju ti àgbà lọ. Ọmọ tí ń kọrin nílé ìwẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó kan ti Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dá a. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nínú ìlà kìíní, kò gbọ̀n mọ́ nínú ìkejì. Nígbà tí ègbè dé, ọ̀hún gbè é, àwa náà gbè é ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí tẹlifóònù ti rí: ègbè tiwa ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí tiwọn ti parí, nítorí náà bí ó bá ti fẹ́ dá ìlà mìíràn ni yóò dúró kí tilé dé ná, kí ó tó máa bá a lọ.

Ó dá a lẹ́ẹ̀meje. Nígbà tí ó parí, ìyá mi fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Wọ́n ti gbé e ga jù. N kò sọ fún ọ pé kí o ní kí wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ dá a?"